Irin Ló Gba Ife

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bẹ̀ mí lónìí pé kí n dárí ji Olúṣínà, màá kọ́kọ́ bi onítọ̀hún bóyá òun náà ti jẹun nínú ìkòkò mi rí. Olúṣínà jẹun níbẹ̀. Ó jẹ ẹ̀bà mi, ó jẹ ẹ̀wà mi, á sì fi ọwọ́ nu ẹnu, á ní, "Ìyá Ádámù, ọbẹ̀ yín ò láfiwé." Ẹnu tó fi lá ọbẹ̀ náà ló gbé lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ló fi ba ọkọ mi jẹ́. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ó fi ata sẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà fún yín bó ṣe rí. Nígbà yẹn, àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn alágbádá ni. Owó wà nílùú, ilé iṣẹ́ pọ̀ láti Ìkẹjà dé Oregun, ohun tí wọ́n sì fi ń bá ara wọn ṣe fáàrí ni kẹ̀kẹ́ ológeere. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ní àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún un, ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ní tiẹ̀, ilé iṣẹ́ aṣọ tiwa ní Oregun náà ní tiẹ̀. Kì í ṣe eré ọmọdé o, iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá jẹ́ aṣíwájú àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ nílé iṣẹ́ wa kò ní í fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Kẹ̀kẹ́ ni yóò máa gùn láti àárọ̀ dalẹ́, wọn á sì san owó oṣù rẹ̀ bíi ti gbogbo òṣìṣẹ́. Ipò kan ṣoṣo ni. Ọkọ mi Jubril ló sì wà níbẹ̀.

Ẹ má pe ìyẹn ní nǹkan kékeré. Ẹni tí kò bá sí lórí kẹ̀kẹ́, yàrá tí wọ́n ti ń gbọn òwú ni tiẹ̀. Eruku òwú á wọ imú, á wọ etí, á bà lé orí títí irun ọ̀dọ́mọkùnrin á fi funfun bí ti bàbá bàbá rẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, ikọ́ á dé. Jubril ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó fi í sórí kẹ̀kẹ́, ikọ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ láyà nígbà náà, débi pé tó bá ń húkọ́ lóru, ọmọ wa Ádámù á jí. Afẹ́fẹ́ ojú títì Agége ló wò ó sàn. Èmi tí mò ń sùn tì í ni mo mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá yọ ọ́ lórí kẹ̀kẹ́, àyà rẹ̀ ló ń dọdẹ.

Olúṣínà yìí, ọmọ Oǹdó ni, ọmọ ẹ̀yìn Jubril sì ni. Jubril ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú kí atẹ́gùn má baà dà á láàmú. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba kọ́nà láìtẹ bíréèkì. "Ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè é, kò sì sí ọjọ́ Sátidé tí kò sí nílé wa.

Ìgbà tó yá, ìròyìn kàn pé ilé iṣẹ́ wa ti ra kẹ̀kẹ́ kan láti ìlú Ítálì. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, a yọ jáde láti wò ó. Ó fúyẹ́ débi pé aboyún lè fọwọ́ kan gbé e. Jíà wà lára rẹ̀: tí òkè bá dé, èèyàn á kàn yí nǹkan kan báyìí, òkè á sì di ilẹ̀ pẹrẹsẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí gbogbo àwọn yòókù ń gùn, tí Jubril náà ń gùn, irin dúdú gidi ni. Kò ní jíà kankan. Tí ẹ bá gbé e kọjá gọ́tà lẹ́ẹ̀kan, ìbàdí yín á máa sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Gbogbo wa ló mọ̀ pé aṣíwájú ló ni kẹ̀kẹ́ Ítálì. Àṣé Olúṣínà ti yọ́ wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá Ọlọ́runníyì, ará Èkìtì tó jẹ́ mánijà wa. Ọ̀rẹ́ mi Hassanat, tó ń gbé tíì kiri ilé iṣẹ́, wà níbẹ̀ tó ń da tíì sí kọ́ọ̀bù, etí ara rẹ̀ ló fi gbọ́. Olúṣínà ní kí ọ̀gá má bínú, òun ò fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan olówó ńlá ṣòfò ni. Ẹ̀gbọ́n òun ń húkọ́, àyà rẹ̀ ò gbé e mọ́.

Ikọ́ wo? Ikọ́ tó ti lọ! Ikọ́ tí èmi àti Ọlọ́run nìkan mọ̀, tí òun náà sì mọ̀ nítorí pé a gbà á sílé!

Ọ̀gá ò bi Jubril léèrè kankan. Wọ́n fa kẹ̀kẹ́ Ítálì lé Olúṣínà lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí Jubril padà sí yàrá òwú. Wọ́n ní ó ṣì lè bá wọn gùn lọ́jọ́ ìdíje o, lórí irin dúdú rẹ̀. Ó di ọmọ ẹ̀yìn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Jubril dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó jáde. Bí ọkọ mi ṣe rí nìyẹn. Tí ẹ bá gbá a létí, á bi yín bóyá ọwọ́ ò dùn yín. Èmi ni mo ń bínú fún àwa méjèèjì. Wàláì, mo ní tí mi ò bá dójú ti Olúṣínà ní gbangba, kí wọ́n má pè mí lọ́mọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun.

Nígbà tí ìdíje dé, Olúṣínà ló gba ife. Ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wa ni wọ́n ti gbéra, wọ́n gba Ìkẹjà, wọ́n dé Dopemu, wọ́n sì padà wá sí Oregun. Ó dé, kò làágùn. Wọ́n gbé e sọ́rùn, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Jubril ló ṣe ipò kejì lórí irin dúdú, ó fi gbogbo àwọn yòókù sílẹ̀ jìnnà sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórúnkún rẹ̀ níbi tó ti ṣubú tó sì dìde. Kò sẹ́ni tó wo apá ibi tó wà. Èmi nìkan ni mo gbé omi fún un.

Ọjọ́ yẹn ni mo dá orin sílẹ̀.

Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹnìkan bá ṣẹ ìyàwó ilé, kì í bá a wọ̀yá ìjà. Orin ni yóò fi bú u. Nídìí odò tàbí nídìí ọlọ, á kàn máa kọ ọ́ lọ, á sì ṣe bí ẹni pé kò rí ẹnikẹ́ni. Òfin tó wà níbẹ̀ ni pé a kì í dárúkọ. Tí ẹ bá dárúkọ, ìjà lẹ dá sílẹ̀, àwọn àgbà á sì bá yín wí. Tí ẹ ò bá dárúkọ, ta ni yóò mú yín? Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn á mọ ara rẹ̀. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ṣe é:

*Irin ló gba ife, èèyàn kọ́,*
*Irin ló gba ife, èèyàn kọ́.*
*Ẹ bá wa kí kẹ̀kẹ́ pé ó kú iṣẹ́,*
*Kẹ́ni tó gùn ún lọ sùn.*

Mo kọ ọ́ fún Hassanat. Hassanat rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sílẹ̀. Ohùn Hassanat dùn ju tèmi lọ, kò sì sí yàrá tí kì í gbé tíì dé nílé iṣẹ́ wa. Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, gbogbo àwọn obìnrin tó ń yí òwú ló ti ń kọ ọ́. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó wọ Ìkẹjà. Mo lọ sí Dopemu lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta ọsàn. Inú mi dùn débi pé mo ra ọsàn tí mi ò fẹ́.

Olúṣínà gbọ́ ọ, ó sì mọ ara rẹ̀. Tó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá, wọn á ní, "Kẹ̀kẹ́, o kú iṣẹ́ o!" Ojú rẹ̀ á pọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Ẹ ò mọ bí oorun ṣe dùn mọ́ mi lásìkò yẹn.

Orin náà ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn ilé iṣẹ́. Àwọn tó kù ní ìrẹ́jẹ ni. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fi òfin de kẹ̀kẹ́ àjèjì. Ni wọ́n bá pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹjà. Bàbá Dàwódù ló jókòó sípò alága, àgbàlagbà ará Agége tó ti gun kẹ̀kẹ́ láti ayé òyìnbó, tí kò sí ẹni tó ń já a lẹ́nu. Wọn ò pè mí. Mo lọ.

Ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ ọṣẹ ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Àwa ò lágbára Ítálì. Tí ẹ bá gba èyí láàyè, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹlòmíì á gbé èyí tó ní ìyẹ́ wá."

Ọ̀gá Ọlọ́runníyì dáhùn. Ó ní, "Nítorí pé ẹnìkan ò ní mọ́tò, ṣé kí gbogbo wa máa fẹsẹ̀ rìn ni? Ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ lọ́dọ̀ wa, ṣé ó dúró de ẹni tó ń fọwọ́ hun ún? Ayé ń lọ síwájú, ẹ jẹ́ ká bá a lọ."

Olúṣínà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń gùn ún o. Kẹ̀kẹ́ ò lè dá rìn."

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì la ẹnu.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá. Ẹ gbé ewúrẹ́ mi sórí kẹ̀kẹ́ yẹn, ewúrẹ́ á gba ife. Ẹni tó bá wọlé ṣáájú lórí irú irin bẹ́ẹ̀, kí lẹ ń kí i fún? Ẹ kí kẹ̀kẹ́! Ẹni tó bá tẹ̀ lé e dé lórí irin dúdú, tí ẹ̀mí ń já lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, òun ni ọkùnrin. Òun ló yẹ kí ẹ gbé sọ́rùn. Òun ló yẹ kí ẹ fi sípò."

Gbọ̀ngàn mì tìtì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin mi, wọ́n ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí i. Olúṣínà ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, mo sì ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo ń sọ lọ́kàn mi pé, ṣé o rí i? Kò tíì tó.

Bàbá Dàwódù gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ilé sì pa rọ́rọ́. Wọ́n wò mí. "Ìyàwó wa, o sọ̀rọ̀. Ohun tó o sọ yìí, ṣé ohun tí wàá máa sọ lọ nìyẹn, bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ yí padà?"

"Títí láé, bàbá."

"Ó dáa. Kí a tó fi òfin de nǹkan, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ní ìdíje tó ń bọ̀, kí Jubril gun ti Ítálì, kí Olúṣínà gun irin dúdú ti Jubril. Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ náà ló ń gba ife lóòótọ́, a ó rí i."

Ọ̀gá Ọlọ́runníyì ní òun fara mọ́ ọn. Ó tún tọ́ka sí mi, ó ní, "Ẹni tó bá sì jẹ́ ọkùnrin lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí arábìnrin yìí ṣe là á sílẹ̀, òun ni màá fi ṣe aṣíwájú. Kí gbogbo ilé ṣe ẹlẹ́rìí."

Mo ní àṣẹ! Èmi, Sùlíyá, ẹnu ara mi ni mo fi sọ pé àṣẹ. Ohun tí mò ń rí lójú mi ò ju Olúṣínà lórí irin, tó ń jẹ eruku ọkọ mi láti Oregun dé Dopemu.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ Ítálì fún Jubril, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àkísà nu ṣéènì rẹ̀. Eruku òwú ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó pè mí.

"Sùlíyá, tí mo bá wọlé ṣáájú ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ́ wọlé ṣáájú ni, Bàbá Ádámù! Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Orin wo ni wọ́n á kọ fún mi?"

Mo pòṣé. "Wọn á kọ orin ìyìn fún yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Nígbà tó dákẹ́, ó ní, "Èyí tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n á kọ." Ó tún bi mí pé, "Tí mo bá rọra gùn ún, kí n jẹ́ kí ó ṣáájú mi, ṣé ìyẹn ò ní burú jù?"

"Kí ó ṣáájú yín lórí irin dúdú? Kí wọ́n wá ní òótọ́ ló sọ, pé àyà yín ò gbé e? Ẹ gùn ún bí ẹni tí iná ń lé! Mo fẹ́ kí ojú tì í."

Ó ń nu ṣéènì lọ. Mo gbọ́ ohun tó wí o, mi ò ní purọ́. Ìbínú ló di mí létí.

Ọjọ́ ìdíje, gbogbo Oregun ló jáde. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ gan-an, níbi tí wọ́n ta okùn sí, Hassanat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí a rí kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìkẹjà, bó ṣe ń dán nínú oòrùn, mo fò sókè. Jubril ni. Òun nìkan ló ń bọ̀. Ó dé, ó já okùn, mo pariwo, "Ọkọ mi! Ọkọ mi rèé o!"

Ariwo mi nìkan ni mo gbọ́.

Mo wo àwọn èèyàn. Wọn ò wo Jubril. Ojú gbogbo wọn wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń na ọrùn. Kò pẹ́, a rí ẹni kejì. Olúṣínà ni, lórí irin dúdú. Ó dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́, ó ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ṣéènì ń ké. Orúnkún rẹ̀ ti bó. Kò sí ẹlòmíì lẹ́yìn rẹ̀ tí ojú wa rí. Bó ṣe já wọ àárín wa, ńṣe ni èrò ya lù ú, wọ́n gbé e kúrò lórí irin náà sókè, wọ́n ń kígbe, "Ọkùnrin nìyí! Ọkùnrin nìyí!"

Ẹ gbọ́ mi o. Ọjọ́ tí ọkọ mi ṣe ipò kejì lórí irin yẹn kan náà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lórúnkún, kò sí ọmọ èèyàn tó wo ojú rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ wọn pé kí wọ́n máa wo ẹni kejì.

Hassanat ló bẹ̀rẹ̀ orin. Kò ní i lọ́kàn láti ṣe ibi. Orin yẹn ló mọ̀ nígbàkigbà tó bá rí kẹ̀kẹ́ Ítálì, ó kàn jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: *Irin ló gba ife, èèyàn kọ́.* Ó rí Jubril, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti bọ́. Ẹyin lohùn. Àwọn obìnrin tó ń yí òwú gbà á, ilé iṣẹ́ ọṣẹ gbà á, gbogbo ojú ọ̀nà gbà á. Wọ́n yí ojú sí ọkọ mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kígbe pé kì í ṣe òun ni mo kọ ọ́ fún. Orúkọ wo ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n nínú rẹ̀? Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá Ọlọ́runníyì gbé ọwọ́ Olúṣínà sókè, ó ní aṣíwájú wa rèé, gẹ́gẹ́ bí a ṣe fẹnu kò. Bàbá Dàwódù kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sí kẹ̀kẹ́ àjèjì mọ́. Irin dúdú ni gbogbo èèyàn á máa gùn. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni wọ́n fún mi, gbogbo rẹ̀ pátá, wọn ò yọ ìkankan kù.

Jubril gba ife náà. Ó gbé kẹ̀kẹ́ Ítálì ti ògiri, ó rọra ṣe é kó má ṣubú. Lẹ́yìn náà ló tẹ orí ba níwájú rẹ̀, ó ní, "Kẹ̀kẹ́, o kú iṣẹ́ o." Èrò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Olúṣínà bọ́ sílẹ̀ lọ́rùn wọn, ó wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀ nínú eruku, ó ní, "Ìyá Ádámù, ẹ ṣé o. Ẹ ṣé gan-an." Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò mọ̀ bóyá ó fi ń bú mi ni tàbí ó ti inú rẹ̀ wá. Èwo ló burú jù nínú méjèèjì? Mo kọjá lórí rẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Jubril so aṣọ mọ́ imú, ó padà sínú òwú.

Ife náà wà lórí pẹpẹ wa. Tí Jubril bá ń húkọ́, ife náà máa ń dún díẹ̀díẹ̀ mọ́ ògiri. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń húkọ́ báyìí, obìnrin kan sì ń fọ aṣọ nínú àgbàlá, ó ń kọ orin mi lọ́wọ́, kò tilẹ̀ rántí ohun tó ń wí. Mo gbá ìgbálẹ̀ mú, mo fẹ́ jáde sí i. Jubril di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀ kó kọ ọ́," ó ní. "Ó dùn. O mọ orin í dá."